Omi odò, èéfín ààrò, tìróò ojú: ìbéèrè táwọn obìnrin Iléṣà àti Ifẹ̀ ń bi wá jù

Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi wá lẹ́yìn ìpàdé wa lórí bí omi, èéfín àti eruku tó ti bà jẹ́ ṣe ń ṣe ara obìnrin rèé, a kó wọn jọ síbí torí ẹnu ti ń rẹ̀ wá. Àwa tá a kọ ọ́ kì í ṣe dókítà o, obìnrin ọjà, tíṣà àti nọ́ọ̀sì ni wá. Ẹni tí ara ẹ̀ ò bá yá kó gba ọsibítù lọ, kó má jókòó máa ka ìwé tiwa.

Ṣé kì í ṣe gbogbo wa la jọ ń mí atẹ́gùn kan náà? Kí ló wá kan obìnrin lọ́tọ̀?

A jọ ń mí i lóòótọ́. Àmọ́ ta ló ń jókòó ti ààrò láti ìdájí? Ta ló ń fọ aṣọ ẹni tó ti ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà bọ̀, tó ń gbọn eruku ara ẹ̀ nù lẹ́yìnkùlé tòun tọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn? Ọ̀nà tí nǹkan burúkú ń gbà wọ ara wa yàtọ̀ sí tọkùnrin, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìkejì ni ti ara fúnra ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú òjé, èyí tí wọ́n ń pè ní lẹ́ẹ̀dì. Tó bá ti wọ ara, inú egungun ló ń lọ sápamọ́ sí, ó lè wà níbẹ̀ fún ogún ọdún kẹ́ ẹ má mọ̀. Ọjọ́ tí obìnrin bá wá lóyún, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í fa kálísíọ̀mù jáde látinú egungun ìyá kó lè fi mọ egungun ọmọ, òjé náà á bá a jáde, á gba inú ibi ọmọ kọjá sọ́dọ̀ ọmọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí tí ìyá bá ń fọ́mọ lọ́mú. Ìyẹn ni pé ohun tí ọmọdébìnrin kan gbé mì nígbà tó wà ní pírámárì lè dé ara ọmọ tó máa bí nígbà tó bá dàgbà. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sì ti sọ ọ́ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tá a mọ̀ tí ò léwu.

Ọ̀rọ̀ wúrà yìí gan-an, kí ló ń ṣe omi wa?

Nǹkan méjì ló wà níbẹ̀, àwọn èèyàn sì máa ń pò wọ́n pọ̀.

Àwọ̀ pupa rúsúrúsú tẹ́ ẹ̀ ń rí lójú odò Ọ̀ṣun àtàwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn wọ inú ẹ̀, amọ̀ ni, iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n fọ̀ níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà ló ń bá omi wá. Wúrà ti pẹ́ nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, àwọn tó ń fi ṣọ́bìrì wá a ní Ìtagunmódì àti Igun ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, iṣẹ́ ńlá náà ti wá kún un, ọdún 2021 ni wúrà àkọ́kọ́ jáde níbi ìwakùsà Ṣẹ̀gilọlá. Omi Ọ̀ṣun wá dà bẹ́ẹ̀ débi pé nígbà ọdún Ọ̀ṣun 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra ẹ̀ kìlọ̀ pé kí wọ́n má mu ún, Ọ̀ṣun táwọn tó ń wá ọmọ ń bù mu látọjọ́ tó ti pẹ́! Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ obìnrin ni látilẹ̀.

Mẹ́kúrì ni ìkejì, òun lojú ò lè rí. Àwọn tó ń wa wúrà níwọ̀nba máa ń da mẹ́kúrì sínú iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ti fọ̀, á lẹ̀ mọ́ wúrà, á di odidi kan, wọ́n á wá gbé e kaná, mẹ́kúrì á bá afẹ́fẹ́ lọ, wúrà á ṣẹ́ kù. Ooru tó ń jáde yẹn ò rùn, kò láwọ̀. Ẹni tó ń yọ́ ọ ń fà á símú, ìyá tó gbé ìrẹsì àti ẹ̀wà wá tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ náà ń fà á símú, á tún bà sórí páànù, sára aṣọ, sórí abọ́ tí wọ́n ṣí sílẹ̀. Èyí tó bá sì ṣàn wọ odò, àwọn kòkòrò tíntìntín tó wà nínú ẹrẹ̀ ló ń sọ ọ́ di oríṣi mìíràn tí wọ́n ń pè ní methylmercury, ẹja wẹ́wẹ́ á jẹ ẹ́, ẹja ńlá á jẹ ẹja wẹ́wẹ́, bó ṣe ń ti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì ló ń pọ̀ sí i, kò sí sísè, kò sí yíyan tó lè mú un kúrò.

Ọpọlọ ọmọ inú oyún ló ń bá jà jù. Ní Minamata ní ilẹ̀ Japan, lọ́dún 1956 tí wọ́n kọ́kọ́ kéde àìsàn tí mẹ́kúrì fà níbẹ̀, ilé iṣẹ́ kan ló ń da mẹ́kúrì sínú òkun táwọn èèyàn ti ń pẹja jẹ, àwọn ìyá kan wà tí nǹkan kan ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe, àmọ́ ọmọ tí wọ́n bí ò lè dìde, ò lè sọ̀rọ̀. Orúkọ ìlú yẹn ni wọ́n fi pe àdéhùn tí gbogbo ayé ṣe lórí mẹ́kúrì lọ́dún 2013, Nàìjíríà sì fọwọ́ sí i tán pátápátá lọ́dún 2018. Ìwé yẹn wà ní Àbújá, mẹ́kúrì ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú igbó.

Ẹ má tìtorí èyí sọ pé ẹ ò jẹ ẹja mọ́ o. Ẹja dáa fún aláboyún. Ẹja wẹ́wẹ́ sàn ju ẹja ńlá tó ń jẹ ẹja lọ, ẹja tí wọ́n sìn nínú omi tó mọ́ sì sàn ju èyí tí wọ́n pa nísàlẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń fọ wúrà lọ.

Tá a bá se omi náà hó ńkọ́? Tá a bá fi álọ́ọ̀mù sí i ńkọ́?

Sísè á pa kòkòrò, kò ní pa mẹ́kúrì, kò ní pa òjé. Kódà tí omi bá ń gbẹ lórí iná, òjé àtàwọn irin bẹ́ẹ̀ tó wà nínú ẹ̀ á kàn túbọ̀ ki ni. Álọ́ọ̀mù á jẹ́ kí amọ̀ rọlẹ̀, omi á mọ́ gaara, ẹ̀yin náà á sì rò pé ó ti parí, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àwọ̀ là ń bá jà. Omi òjò tẹ́ ẹ gbè láti orí páànù tó mọ́, tẹ́ ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ fọ òrùlé ná, tàbí bọ́hò tí wọ́n ti yẹ̀ wò ní láàbù, ìyẹn ni ká máa wá. Bọ́hò tí wọn ò yẹ̀ wò, orúkọ lásán ni.

Ọkọ mi ló ń ṣiṣẹ́ níbi wúrà. Ṣé ebi lẹ fẹ́ kó pa wá ni?

Rárá o. A ò ní kẹ́nikẹ́ni fiṣẹ́ sílẹ̀ lónìí. Ohun tá à ń bẹ̀ yín ni pé kí wọ́n má yọ́ wúrà nínú ilé, kí wọ́n má yọ́ ọ ní kíṣínì, kí ìkòkò tí wọ́n fi yọ́ ọ má tún pa dà di ìkòkò ọbẹ̀. Ìkòkò onídèérí kan wà tí wọ́n ń pè ní retort, ó máa ń gbá ooru mẹ́kúrì mọ́nú, wọ́n á tún rí mẹ́kúrì náà lò lẹ́ẹ̀kejì, owó ni wọ́n ń fi pamọ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó yẹn lẹ máa kọ́kọ́ sọ fún ọkọ yín kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ àìsàn, àwa mọ ohun tá à ń sọ. Kó bọ́ aṣọ iṣẹ́ síta, kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ má pò ó mọ́ tọmọ.

Ẹ má lọ òkúta wúrà nílé láé. Ní Zamfara lọ́dún 2010, inú àgbàlá làwọn èèyàn ti ń fọ́ ọ tí wọ́n ń lọ̀ ọ́, òjé ló pọ̀ nínú òkúta tiwọn, ó ju irinwó ọmọdé lọ tó kú. Òkúta tiwa ò fi dandan ní òjé tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?

Èéfín ààrò ńkọ́? Ìyá mi fi igi dáná títí tó fi dàgbà, nǹkan kan ò ṣe é.

Ìyá yín ò tíì wọn BP ẹ̀ nígbà yẹn ni. Èéfín tó ń ta wá lójú, omijé lásán kọ́ ló ń fà, eruku ẹ̀ tó kéré jù ń gba inú ẹ̀dọ̀fóró wọ ẹ̀jẹ̀. WHO ṣírò ẹ̀ pé lọ́dún 2020 nìkan, èéfín inú ilé pa tó mílíọ̀nù 3.2 èèyàn káàkiri ayé.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti Ìbàdàn. Wọ́n kó 324 aláboyún tí wọ́n ń fi igi tàbí kẹrosíìnì dáná jọ, wọ́n fún àwọn kan ní sítóòfù tó ń lo ẹtánọ́ọ̀lù, àwọn yòókù ń bá tiwọn lọ, wọ́n ń wọn ẹ̀jẹ̀ wọn títí. Ìwé ẹ̀ jáde lọ́dún 2017. Nínú àwọn tí ò pààrọ̀, bíi mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru, nínú àwọn tó pààrọ̀ kò ju bíi méjì lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí obìnrin tí gìrì gbé níbi ìrọbí mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ẹ sì kíyè sí i pé kẹrosíìnì wà lára èyí tí wọ́n pààrọ̀, ẹni tó bá kúrò nídìí igi lọ sídìí kẹrosíìnì ò tíì kúrò nínú èéfín.

Ibi tó burú jù lójú tèmi ni ibi tí wọ́n ti ń din gàrí. Ẹ dé ọ̀kan lára àwọn ibi ìdingàrí wa láago mẹ́ta ọ̀sán kẹ́ ẹ wò ó: agbada márùn-ún lórí ààrò amọ̀, òrùlé páànù tó rẹlẹ̀, obìnrin jókòó fẹ̀gbẹ́ kan ti iná, igbá lọ́wọ́ ọ̀tún, ó fi ọwọ́ òsì nu ojú, iná fẹ́ kú, ó wa ọ̀rá píọ̀ wọ́tà bíi mẹ́rin jọ ó jù ú sábẹ́ igi kó lè tètè ràn, èéfín dúdú kan báyìí rú jáde, ọmọ tó sùn sórí àpò lẹ́yìn ẹ̀ sì wúkọ́. Ọ̀rá yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lé kúrò níbẹ̀. Kò náni ní kọ́bọ̀. Ẹ fi ìhá ẹyìn tàbí èèpo àgbọn dá iná.

Lẹ́yìn ìyẹn: igi tó gbẹ dáadáa, ògiri kan tí wọ́n wó lulẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè ráyè gbà, òrùlé tí wọ́n gbé ga díẹ̀, páìpù tó ń kó èéfín síta lókè orí. Ti gáàsì, ẹ dá àjọ. Bẹ́ ẹ ṣe ń dá àjọ owó ìwé ọmọ náà ni kẹ́ ẹ dá ti sílíńdà, kí ẹni tó lóyún kọ́kọ́ kó o. Kẹ́ ẹ má tìtorí ìbẹ̀rù olè gbé sílíńdà sínú yàrá tó sé pa o.

Ìdọ̀tí tí wọ́n ń sun lẹ́yìn ọjà, àti pọ̀nmọ́ tí wọ́n ń fi táyà jó?

Kò dáa, méjèèjì. Ẹ bá àwọn alápatà sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ Ìyálọ́jà, tí àwọn tó ń ra pọ̀nmọ́ bá kọ̀ láti ra èyí tó rùn bíi táyà fún ọ̀sẹ̀ kan péré, ẹ ó rí i bí wọ́n ṣe máa wá gáàsì tàbí igi. Ọ̀nà yìí yá ju kánsù lọ.

Wọ́n ní tìróò náà wà níbẹ̀. Tìróò tí ìyá wa fi ń lé wa lójú?

Òun náà ni. Òkúta tí wọ́n ń lọ̀ di tìróò, òjé ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Lọ́dún 2011 ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan, wọ́n wá ibi tó ti wá títí, wọ́n kan tìróò tí wọ́n mú lọ láti Nàìjíríà, nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí láàbù ìdá 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀ jẹ́ òjé. Ọmọ á fọwọ́ nu ojú, á ki ọwọ́ bọ ẹnu, ó ti jẹ ẹ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dá ìjà sílẹ̀ ní ìpàdé, àwọn ìyá àgbà ò fẹ́ gbọ́ ọ, a ò sì bá wọn jà. Ohun tá à ń sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ò ju pé ojú ọmọ ń dán láìsí tìróò, ìyá tó lóyún náà kó fi í sílẹ̀ ná.

Ìpara tó ń bó ara?

Wọ́n á ní àwọn ò bóra, tónì làwọn ń ṣe. Lára àwọn ìpara yẹn, mẹ́kúrì wà nínú ẹ̀, kíndìnrín ló ń bà jẹ́, ó sì ń ti ara ìyá ran táwẹ̀lì, ran bẹ́ẹ̀dì, ran ọmọ tó ń mọ́yàn. Ẹ ka ara páálí: tẹ́ ẹ bá rí mercury, calomel, mercurous chloride, mercuric iodide tàbí ammoniated mercury, ẹ jù ú sílẹ̀. Èyí tí wọ́n pò fún yín nínú ike lásán tí ò ní páálí, tí ò ní nọ́mbà NAFDAC, kò sóhun tẹ́ ẹ fẹ́ kà níbẹ̀, ẹ má rà á.

Lóko kòkó, ọkùnrin ló ń fín òògùn, kí ló kàn wá?

Ta ló ń pọn omi tí wọ́n fi ń pò ó? Ta ló ń fọ aṣọ tí wọ́n fi fín in? Ta ló sì ń fọ kẹ́ẹ̀gì òògùn tó ti tán tó wá ń rọ epo pupa sínú ẹ̀? Kẹ́ẹ̀gì yẹn ò ṣeé fọ̀ mọ́, ẹ lu ú níhò kẹ́nikẹ́ni má baà tún un lò.

Gamalin 20 táwọn baba wa ń lò, lindane ló wà nínú ẹ̀, ó ti wà nínú àwọn kẹ́míkà tí àdéhùn Stockholm, èyí tí gbogbo ayé ṣe lórí kẹ́míkà olóró, gbẹ́sẹ̀ lé látọdún 2009, síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń dà á sódò láti fi pẹja. NAFDAC ti fòfin de paraquat, òògùn apakoríko, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024. Tẹ́ ẹ bá rí i lórí àtẹ, ẹ mọ̀ pé kò yẹ kó wà níbẹ̀. Sniper tí wọ́n ń fín sí ẹ̀wà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta ẹ̀wà lọ́jà ni mò ń bá wí báyìí, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ mọ ara yín.

Ṣé èyí ló fa fáíbrọ́ìdì mi? Ṣé òun ló jẹ́ kí oyún mi wálẹ̀?

A ò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo, ẹni tó bá sì lè sọ ọ́ lórí fóònù, òògùn ló fẹ́ tà fún yín. Òjé àti mẹ́kúrì lè ba oyún jẹ́, ìyẹn dájú, àmọ́ oyún máa ń wálẹ̀ nítorí ohun mìíràn tó pọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti ṣiṣẹ́ níbi wúrà, tàbí ẹ ti pẹ́ nídìí ìpara abóra, ẹ sọ ọ́ fún dókítà láti ẹnu ọ̀nà, torí wọn ò ní bèèrè. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń yẹ òjé wò, ìtọ̀ ni wọ́n fi ń yẹ mẹ́kúrì tó ti inú ooru tàbí ìpara wá, irun orí tàbí ẹ̀jẹ̀ ni ti inú ẹja. Tí òjé inú ẹ̀jẹ̀ bá tó 5 máíkírógíráàmù nínú dẹ̀sílítà kan, WHO ní ká wá ibi tó ti ń wá ká sì gé e níbẹ̀, aláboyún tí kálísíọ̀mù tàbí áyọ̀nù ò tó lára ẹ̀ á máa gba ìyẹn kún un. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà tàbí ọsibítù OAUTHC ní Ifẹ̀. Àgbo tí wọ́n ní ó ń fọ májèlé kúrò lára, ẹ fi sílẹ̀, kíndìnrín tó ti rẹ̀ ò nílò ìyẹn.

Ó dáa, a ti gbọ́. Ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ́de. Ẹ ra ìwé kan, èyí tó nípọn. Ẹ jókòó, obìnrin bíi mẹ́wàá, kẹ́ ẹ ya àdúgbò yín síbẹ̀: odò, kànga, bọ́hò, ibi ìdingàrí, ààtàn, ibi tí wọ́n ti ń yọ́ wúrà. Lẹ́yìn ìyẹn kẹ́ ẹ máa kọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń rí pẹ̀lú déètì: ọjọ́ tí omi pọ́n, ọjọ́ tí ẹja kú sórí omi, oṣù tí ìgbẹ́ gbuuru pọ̀ lára àwọn ọmọ. Fótò náà. Orúkọ aláìsàn má wọ ibẹ̀ o, àṣírí obìnrin ni.

Ọ́fíìsì kì í gbọ́ “omi wa ò dáa”, ó máa ń gbọ́ “láti oṣù kẹta di oṣù karùn-ún, omi yìí pọ́n lójoojúmọ́, fótò rèé, ìwé láàbù rèé.” Ẹ pariwo tó bá yá, ìwé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ní.

Báwo la ṣe ń gbé omi lọ sí láàbù?

Láàbù ni kẹ́ ẹ ti gba ìgò, ẹ má fi ìgò ìpara tàbí ti ọtí pọn ọ́n, torí ìgò tí wọ́n ń lò fún irin máa ń ní ásíìdì díẹ̀ kí irin má baà lẹ̀ mọ́ ara ìgò. Ẹ mú ọ̀kan láti òkè odò, kó tó dé ibi wúrà, ẹ mú ọ̀kan nísàlẹ̀ ẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ò fi nǹkan kan hàn, wọ́n á ní bó ṣe wà látìgbà ìwáṣẹ̀ nìyẹn. Kọ ọjọ́, aago, ibi tẹ́ ẹ ti mú un àti ẹni tó mú un. Láwọn ìwé ìlànà omi mímu Nàìjíríà, òjé ò gbọ́dọ̀ ju 0.01 mílígíráàmù lọ nínú lítà kan, mẹ́kúrì ò gbọ́dọ̀ ju 0.001 lọ, ìyẹn lẹ máa fi wo èsì. Owó láàbù ò kéré, ẹ dá a jọ. Kẹ́ ẹ sì wá ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ ní OAU tó ń kọ́ nípa kẹ́mísírì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń wá ohun tí wọ́n máa fi ṣe pírójẹ́ẹ̀tì.

Ta la máa kọ̀wé sí? Kánsù ní kì í ṣe tàwọn.

Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, ìwakùsà wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí ọ́fíìsì ìwakùsà ti ìjọba àpapọ̀, kẹ́ ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká, sí mínísírì àyíká ti ìpínlẹ̀, àti kánsù náà, kí wọ́n má lè sọ pé àwọn ò gbọ́.

Òfin mẹ́ta ló ń gbè yín. Òfin EIA ti ọdún 1992 ní kí iṣẹ́ ńlá ṣàyẹ̀wò ohun tó máa ṣe fún àyíká kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bèèrè ìwé ẹ̀. Òfin ìwakùsà ti 2007, ìpín 116, ní kí ẹni tó gba ìwé àṣẹ ìwakùsà bá ìlú tọwọ́ bọ àdéhùn ìdàgbàsókè, ẹ bèèrè ta ló ṣojú obìnrin nígbà tí wọ́n ń tọwọ́ bọ̀ ọ́, tí wọ́n bá ní kò sí, ẹ ti rí ibi tẹ́ ẹ máa bá wọlé. Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 ní kí ọ́fíìsì ìjọba dá ẹni tó bá bèèrè ìwé lọ́wọ́ ẹ̀ lóhùn láàárín ọjọ́ méje, ẹ ò sì ní láti sọ ìdí tẹ́ ẹ fi ń bèèrè, ilé ẹjọ́ tó ga jù sì ti sọ lọ́dún 2025 pé ó de ìjọba ìpínlẹ̀ náà. Ilé ẹjọ́ yẹn kan náà ló sọ lọ́dún 2018 pé ẹgbẹ́ tó ń jà fún àyíká lè pe ẹjọ́ lórí omi tí wọ́n bà jẹ́.

Wọ́n ní ká pa dà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọmọ Òṣómàáló mà ni wá! Àwọn baba wa fi ìlòṣó gba owó aṣọ kiri gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ gba sítáǹpù sórí ẹ̀dà yín, ẹ kọ orúkọ ẹni tó gbà á, ẹ pa dà lọ́jọ́ tí wọ́n dá, kó má jẹ́ ẹnì kan ló ń lọ, kó jẹ́ mẹ́ta, kó máa jẹ́ àwọn kan náà.

Ẹ̀rù ń bà wá. Àwọn tó ń wa wúrà ní àwọn ọmọ ìta lọ́wọ́.

Ó yẹ kó bà yín. Ẹ má lọ sí ibi wúrà láti lọ bá wọn jà, ẹ má lọ ya fótò ojú ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Orúkọ ẹgbẹ́ ni kó wà lórí ìwé, kì í ṣe ti obìnrin kan. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí baálẹ̀, Ìyálọ́jà àti pásítọ̀ tàbí alífà gbọ́. Àwọn obìnrin Ẹ̀gbá tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó jọ lórí owó orí, tí Aláké fi gbé orí ìtẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1949, kì í ṣe orin nìkan ni wọ́n kọ, wọ́n ń kọ̀wé ẹ̀hónú, wọ́n ń gba lọ́yà, wọ́n sì pọ̀.

Ṣé ọkùnrin lè wá sí ìpàdé?

Wọ́n lè wá. Kí wọ́n jókòó sẹ́yìn, torí tí wọ́n bá ti dé iwájú, ọ̀rọ̀ náà á di ti ta ni yóò ṣe alága. Àwọn tó ní ọkọ̀ tó lè gbé ìgò omi dé láàbù lọ́jọ́ kan náà la fẹ́ràn jù.